Ta Ni Yóò Tú Iké? Ìwà Ẹ̀dá àti Èrò Ìṣèlú Olùpamọ́ ní Kétu

1. Orúkọ kan, ìbéèrè méjì

Ìtàn tí àwọn ará Kétu ń pa nípa orúkọ ìlú wọn kò gùn. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú náà dó, wọ́n fi abuké kan rúbọ, wọ́n sì sin ín sí ẹnubodè. Wọ́n wá béèrè ohun méjì: ta ni yóò tú iké? Ta ni yóò tú ìlú? Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ní fún méjèèjì, pé kò sí ẹni náà. Inú ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n ti wí, ni orúkọ Kétu ti jáde. E. G. Parrinder kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Story of Ketu (1956), Édouard Dunglas náà sì kọ ọ́ nígbà tí ó ń ṣe àkójọ ìtàn agbègbè náà ní èdè Faransé.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé irú ìtàn báyìí kì í sábà jẹ́ orísun ọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Orúkọ ìlú a máa ṣáájú ìtàn tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí a tìtorí bẹ́ẹ̀ da ìtàn náà nù. Nínú gbogbo ìtàn tí ìlú kan ì bá máa sọ fún ọmọ rẹ̀, èyí tí ó yàn ń fi ohun tí ó gbà gbọ́ hàn. Kétu kò sọ pé orúkọ òun wá láti ara ìṣẹ́gun tàbí ọrọ̀. Ohun tí ó mú ni iké, ohun wíwọ́ tí ó wà lára ènìyàn, tí kì í ṣe àìsàn tí a lè wò sàn. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi ipá na iké tọ́, ẹni tí ó ni ẹ̀yìn náà ni yóò pa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, tú, ni wọ́n fi so ẹ̀yìn abuké pọ̀ mọ́ ìlú.

Ní 1784, Immanuel Kant ní Jámánì lo àpèjúwe tí ó jọ èyí gan-an: ó ní igi wíwọ́ ni a fi gbẹ́ ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò rí ohun tí ó tọ́ tinrin gbẹ́ jáde láti ara irú igi bẹ́ẹ̀. Kant fúnra rẹ̀ kì í ṣe olùpamọ́, ṣùgbọ́n àpèjúwe rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìṣèlú àti ìwà ẹ̀dá. Isaiah Berlin pàápàá fi sọ ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1990 lórúkọ. Kò ṣe àjèjì sí Yorùbá. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni ohun tí a ó fi igi wọ́rọ́kọ́ náà ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni igi tí a ní. Ìbéèrè yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: báwo ni èrò ìṣèlú olùpamọ́ ṣe dáhùn rẹ̀, báwo ni Kétu sì ṣe dáhùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àti nínú ìṣe.

2. Orúkọ wo ni ká pe èrò náà?

Kò tíì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní conservatism. Àwọn tí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún un nínú kíláàsì a máa lo aláìfẹ́-àyípadà. Ọ̀rọ̀ náà yé ni, ṣùgbọ́n àbùkù ni, kì í ṣe orúkọ. Ó sọ ohun tí ẹni náà kọ̀, kò sọ ohun tí ó dì mú. Kò sì tọ̀nà, nítorí pé àwọn tí ó dá èrò yìí sílẹ̀ kò kọ àyípadà. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a wó ilé kí a tó mọ ẹni tí yóò kọ́ òmíràn.

Olùpamọ́ ni mo lò níhìn-ín, láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe alápá-méjì pa…mọ́. Kò pé pérépéré. Pa mọ́ lè jẹ́ kí a tọ́jú nǹkan, ó sì lè jẹ́ kí a fi nǹkan pamọ́ fún ẹlòmíràn, kí ó má baà rí i. Alátakò yóò ní ìtumọ̀ kejì gan-an ló bá wọn mu, pé ohun tí wọ́n ń pè ní àṣà ni aṣọ tí wọ́n fi ń bo ipò àti ogún tiwọn. N kò ní mú ẹ̀sùn yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó dára kí ó máa gbé inú rẹ̀.

Fún ìwà ẹ̀dá, èdè wa ní ju bí a ti nílò lọ. Ẹ̀dá ni ohun tí a dá. Àdámọ́ ni ohun tí a dá mọ́ ẹni, tí a kò kọ́. Ìwà sì ni èyí tí ó ṣòro jù, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- àti ọ̀rọ̀-ìṣe wà ni ó bí i, ìyẹn ni pé wíwà àti ìhùwàsí jọ ń gbé inú ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí a bá tú gbólóhùn ìmọ̀ ìṣèlú kan sí Yorùbá, a ní láti yàn: ṣé àdámọ́ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn ni, àbí ìwà? Àdámọ́ kì í yí. Ìwà ni ohun tí a ń bá ọmọ wí lé lórí, tí a ń retí kí ó gún. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé tí wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí a ó rí nísàlẹ̀ ni ó sì dúró lé e.

3. Ohun tí olùpamọ́ gbà gbọ́ nípa ènìyàn

Ní 1790, ọdún kan lẹ́yìn tí ìyípadà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé, Edmund Burke, ọmọ Dublin tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde láti takò ó. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé làákàyè ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré. Ẹni tí ó bá jókòó sínú yàrá, tí ó ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan ṣètò bí ìlú yóò ṣe rí, owó kékeré ni ó fi ń ṣòwò ńlá. Ìlànà tí ó ti wà láti ìran dé ìran ní ọgbọ́n púpọ̀ nínú ju èyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń tẹ̀ lé e lè ṣàlàyé lọ. Ẹni tí ó ti gbọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, kò nílò kí a tún un sọ fún un. Àkísà ni ẹ̀rí: aṣọ tí a ti wọ̀, tí ó ti ya, tí a ti lẹ̀.

Ẹ̀kejì ni pé ènìyàn kò dára tó bí ó ṣe rò. Ìbínú, ìlara, ojúkòkòrò àti ìgbéraga kì í kúrò nítorí pé ìjọba yí padà. Nítorí náà, ohun tí ìjọba wà fún kì í ṣe láti sọ ènìyàn di pípé, bí kò ṣe láti dí ọ̀nà tí àìpé rẹ̀ lè gbà pa ẹlòmíràn lára. Condorcet, tí òun jẹ́ ará Faransé ní àkókò kan náà, rò pé kò sí ibi tí ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn yóò pin sí. Ìwé tí ó kọ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1795, lẹ́yìn tí ó ti kú sí ẹ̀wọ̀n àwọn tí òun àti wọn jọ bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà. Thomas Sowell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé odidi kan ní 1987 láti fi hàn pé ìyapa Burke àti Condorcet yìí ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìjà ìṣèlú tí ó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ó ti kó ohun púpọ̀ jù sínú àpò kan, ṣùgbọ́n àpò náà wúlò.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kíyè sí ohun kan níbí. Noam Chomsky gbà pé àdámọ́ wà. Orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórí gírámà dúró sí. Nígbà tí òun àti Michel Foucault jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwà ẹ̀dá ní Netherlands ní 1971, Chomsky ni ó di àdámọ́ mú, tí Foucault ń ṣiyèméjì. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe Chomsky ní olùpamọ́. Ohun tí ó rí nínú àdámọ́ ni agbára láti ṣẹ̀dá gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, ó sì fẹ́ ìlú tí kò ní dí agbára yẹn lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbígbà pé ìwà ẹ̀dá wà ni ó ń sọ ènìyàn di olùpamọ́. Gbígbà pé ìwà náà wọ́, àti pé kò ní tọ́, ni.

Ìdí kan tún wà tí mo fi mú Burke, kì í ṣe àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Fún ọdún méje, láti 1788 sí 1795, òun ni aṣáájú àwọn tí wọ́n pe Warren Hastings lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Íńdíà. Ó ní àṣà àti òfin àwọn ará Íńdíà ti pẹ́ ju kí oníṣòwò kan wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ. Ilé ìgbìmọ̀ dá Hastings sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka Burke láti Kétu kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹjọ́ yìí, nítorí òun ni ó fi hàn pé ìgbèjà àṣà àti ìgbèjà ìjọba amúnisìn kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà wá jọ rìn.

4. Ìlú tí kò fọkàn tán ẹnì kan

Ètò ìjọba Kétu àtijọ́ fi hàn pé àwọn tí ó tò ó kò retí pé ọba yóò jẹ́ ènìyàn rere. Ìdílé ọba márùn-ún ni ó wà, oyè Alákétu sì ń yí láàárín wọn. Ọba tí ó wà lórí oyè mọ̀ pé ọmọ òun kọ́ ni yóò gun orí ìtẹ́ lẹ́yìn òun. Àwọn ìjòyè tí yóò yàn án, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ, kì í wá láti inú ìdílé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ohun tí Burke ń pè ní ìkóra-ẹni-níjàánu, kí ó wo irú ètò báyìí.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ètò náà ni ti òpìtàn ìlú, tí àwọn ìwé kọ orúkọ oyè rẹ̀ ní Baba Elegun. Inú ìdílé kan ni oyè náà ń wà. Nígbà tí ọba titun bá fẹ́ jẹ, òun ni yóò ka gbogbo ìtàn ìlú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọba kan lẹ́yìn èkejì, láìwo ìwé. Bí ó bá kà á já láìṣì, àmì rere ni. Bí ó bá fo nǹkan kan, wọ́n gbà pé ikú ni yóò fi gbà á. Jan Vansina mú àpẹẹrẹ yìí nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe ń wà láìyẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ìṣèlú wò ó. Ní ọjọ́ tí agbára ọba titun pọ̀ jù lójú ara rẹ̀, wọ́n mú un jókòó kí ó gbọ́ orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti kú ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń kà á ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún òtítọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé òfin tí ó fi ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ akọ̀wé rẹ̀.

Nígbà tí Samuel Crowther dé Kétu ní January 1853, ìlú olódi tí ó lágbára ni ó bá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ni ó kù. Ní 1883 ọmọ ogun Dàhòmì pa ọba Kétu lójú ogun. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó ti ìlú náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Ìbéèrè kejì ti rí ìdáhùn: ẹni tí yóò tú ìlú ti dé. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì láàárín 1892 àti 1894, àwọn ẹrú Kétu tí ó kù padà sílé. Ibi kan náà ni wọ́n padà sí, lẹ́yìn ẹnubodè kan náà, wọ́n sì tún fi ọba jẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: tú àti tún. Ohùn òkè ni méjèèjì ní, kọ́ńsónáǹtì kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé fáwẹ̀lì èkejì jẹ́ àránmúpè lọ. Tú ìlú, tún ìlú ṣe. Gbogbo èrò Burke nípa àyípadà ni a lè fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjì yìí: ìlú tí kò bá mọ bí a ti ń tún nǹkan ṣe, ọjọ́ kan ni yóò tú. N kò sọ pé fáwẹ̀lì àránmúpè ní ìmọ̀ ìṣèlú nínú. Mo kàn ń sọ pé ó wúlò fún ẹni tí ń kọ́ni.

5. Ààlà kan, ìmọ̀ méjì nípa ènìyàn

Ní August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ìlú abẹ́ Alákétu, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ àròkọ kan tí ó jáde ní 1970 lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọba méjèèjì lẹ́yìn náà. Mo gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti kà á, nítorí kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí a ti pín ènìyàn kan náà sí abẹ́ ìmọ̀ ìṣèlú méjì tí ó takora báyìí.

Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, tí Lugard kó jọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1922, gba ọ̀rọ̀ àwọn olùpamọ́: ìran kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀, kò ṣe é fi ọwọ́ kan mú yí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn ọba ṣèjọba. Ọ̀nà Faransé gba ọ̀rọ̀ Condorcet, ó kéré tán lórí ìwé: ènìyàn kan ni gbogbo ènìyàn, òfin kan ni ó yẹ wọ́n, àṣà jẹ́ ohun tí ẹ̀kọ́ yóò mú kúrò. Ní 1917 gómìnà àgbà Van Vollenhoven kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ abẹ́ rẹ̀ pé olóyè ìbílẹ̀ kò ní agbára kankan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Irinṣẹ́ ni ó jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá Faransé. Ní Kétu, Alákétu di ẹni tí ìjọba kà sí olórí kántọ́ọ̀nù, tí ń gba owó orí. Ní Ìmẹ̀kọ, Onímẹ̀kọ ń ga sí i, ó ní kóòtù, ó ní ipò tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ní rí.

Ènìyàn lè rò pé èyí dá ẹjọ́ fún àwọn olùpamọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn Faransé ń fi ipá kó ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ ará Kétu kó ẹrù wọn kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní apá Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dìbò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún un wò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ga ní Ìmẹ̀kọ kì í ṣe àṣà. Ní àṣà, Kétu ni orí, Ìmẹ̀kọ ni ó ń sìn ín. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń pa àṣà mọ́ ti ṣe ọba ńlá kan titun, wọ́n sì pè é ní àtijọ́. Ààlà tí wọ́n fà sì ti sọ ọ́ di ohun tí kò ṣe é ṣe fún ìlànà Kétu láti dá ara rẹ̀ sí. Èyí ni ìtumọ̀ kejì pa mọ́ tí mo mẹ́nu bà lókè.

6. Ènìyàn titun

Ilẹ̀ Dàhòmì gba òmìnira ní 1960. Ní 26 October 1972 Mathieu Kérékou fi ogun gba ìjọba. Ní 30 November 1974 ó kéde pé Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè náà yóò tẹ̀ lé. Ní ọdún kan sí ọjọ́ yẹn, orúkọ Dàhòmì yí padà di Benin. Èdè ìjọba náà kún fún ènìyàn titun tí ìyípadà yóò bí. Ọba, ìjòyè àti àwọn aláwo di ọ̀tá ìtẹ̀síwájú, Faransé ní ọ̀rọ̀ fún wọn: féodalité.

A kò gbọ́dọ̀ sọ ìtàn yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìjọba yẹn kan náà ni ó fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà ní 1975, tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá tí wọ́n ń kọ ní Kétu ń lo ɛ àti ɔ níbi tí tiwa ti ń fi àmì sísàlẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Faransé nìkan ni èdè ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí èdè ní Benin jẹ ìyípadà yẹn ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1975 sí 1976, ogun tí ìjọba ń bá ohun àtijọ́ jà dé orí àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Wọ́n mú àwọn àgbà, obìnrin arúgbó pọ̀ nínú wọn, wọ́n fipá mú wọn jẹ́wọ́, àwọn ìjẹ́wọ́ kan sì jáde lórí rédíò. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Ìjọba tí ó ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun ń tẹ̀ lé kò sọ pé àjẹ́ kò sí. Ó gbà pé ó wà, ó sì gbà pé òun lè pa á rẹ́. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni ó mú, ó sì fi ìrètí titun kún un, ohun tí ó sì jáde burú ju èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ.

Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, ohun mìíràn ni wọ́n ń ṣe sí ìgbàgbọ́ kan náà láti ìgbà pípẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí Kétu; UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Henry àti Margaret Drewal, nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1983, tú orúkọ náà palẹ̀: gẹ̀ ni kí a rẹ̀ ẹ́, kí a kẹ́ ẹ, dẹ́ ni kí a fi pẹ̀lẹ́ mú un rọ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ gba ìtúpalẹ̀ wọn tán, ohun tí eré náà ń ṣe bá a mu. Àwọn ìyá wa ní agbára tí ó lè bí ìlú, tí ó sì lè ba ìlú jẹ́. Agbára náà kò ní lọ. Nítorí náà, kí ọkùnrin gbé ère wọ orí, kí ó wọ aṣọ obìnrin, kí ó jó títí inú wọn yóò fi yọ́.

Ibí ni Kétu àti Burke ti yà. Olùpamọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, bí ó bá ti gbà pé ènìyàn wọ́, ohun tí ó kàn lójú rẹ̀ ni ìjánu: òfin, ẹ̀sìn, ipò, ìbẹ̀rù. Kétu ní ìjánu tirẹ̀, a ti rí i nínú ètò oyè. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀bẹ̀ kún un, ó fi ẹwà kún un, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án, olórin a máa dárúkọ ìwà ìbàjẹ́ tí ó wà nínú ìlú, ti olówó, ti olóyè, ti aṣẹ́wó, ti olè, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Oakeshott, tí ó kọ àròkọ lórí jíjẹ́ olùpamọ́ ní 1956, fẹ́ràn ìwà ìtẹ́lọ́rùn àti ẹ̀rín ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Òun nìkan ni mo rò pé ì bá gbádùn òru Ẹ̀fẹ̀.

N kò fẹ́ kí a fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ohun tí kò jẹ́. Ó gbà pé obìnrin àgbàlagbà ní agbára ìkọ̀kọ̀, ìgbàgbọ́ yẹn sì ti fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ obìnrin ní ilé ọkọ àti ní àdúgbò, láìsí ìjọba kankan níbẹ̀. Ó ń tu àwọn ìyá lójú, kò fún wọn ní ìtẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀nà méjì láti bá ẹ̀rù kan náà lò, èkíní kó arúgbó lọ síwájú makirofóònù, èkejì gbé ère sórí, ó ń jó. Mo mọ èyí tí mo lè gbé ìlú rẹ̀.

7. Ta ni ó ṣà á?

Abuké tí wọ́n sin sí ẹnubodè ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ tiwa. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí ìlú dúró lórí ara òun. Ìbéèrè tí ó le jù fún olùpamọ́ ni èyí: bí ọgbọ́n ìran bá pọ̀ ju ọgbọ́n ẹnì kan lọ, ìran kan náà kọ́ ni ó fi ènìyàn rúbọ, tí ó sì ń ta ẹrú? Kí ni yóò jẹ́ kí a mọ èyí tí a ó pa mọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Benin tí wọ́n kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Florida kí wọ́n tó ṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní UNESCO, fi ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Wọ́n ní àṣà wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣà, tí ó jẹ́ kí a yan nǹkan láàárín òmíràn, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a kàn bá nílẹ̀ kò tíì di àṣà. Ó di àṣà nígbà tí àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ bá ti ṣà á. Ẹnikẹ́ni lè bá Yáì jiyàn lórí orísun ọ̀rọ̀ yìí bí a ti bá àwọn ará Kétu jiyàn lórí tiwọn. Ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ náà padà: ẹni tí ó fi ìrúbọ ènìyàn sílẹ̀ kò ba àṣà jẹ́, iṣẹ́ àṣà ni ó ṣe.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Kétu lọ sí Bàhíà ní Brazil fi èyí hàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọn kò ní ọba, wọn kò ní odi, wọn kò ní ẹnubodè. Síbẹ̀, Ketu ni orúkọ ẹ̀ka tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀sìn Candomblé títí di òní, ilé òrìṣà kan ní Salvador sì ń jẹ́ Alaketu. Nígbà tí Vivaldo da Costa Lima ti Bàhíà dé Kétu ní 1963, orúkọ ìdílé tí àwọn ará ilé náà ń pè ní baba wọn, Aro, ni ó bá láàárín àwọn ìdílé ọba. Gbogbo ètò tí àwọn olùpamọ́ ní kò ṣe é máà ní ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí pàdánù. Ohun tí wọ́n ṣà ni ó kù.

Ní Benin, àpérò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́wàá ní February 1990 fòpin sí ìjọba Marx láìsí ogun. Kérékou kò sá, wọn kò sì pa á. Ó dìbò, ó fìdí rẹmi ní 1991, ó tún padà wọlé ní 1996. Tún ni wọ́n ṣe, wọn kò tú. Ní 2019, nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀, wọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé ìjọba gba oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gardienne àwọn àṣà. Èdè Faransé ni òfin náà wà. Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Kétu ní láti pinnu bóyá olùṣọ́ ni yóò kọ, tàbí olùtọ́jú, tàbí olùpamọ́. Olùṣọ́ lè jẹ́ ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Olùtọ́jú ni a ń pe ẹni tí ń wo aláìsàn. A ti rí ohun tí ó wà nínú olùpamọ́. Mo ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbólóhùn náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ Kétu kan nínú wọn sì kọ aṣàṣà, ẹni tí ń ṣa àṣà. Kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan tí mo yẹ̀ wò.